Ọjọ́ Tí Àlejò Fò Lórí Oko Bàbá

Oṣù méjì gbáko ni Bàbá fi kọjú sí ògiri, tí wọ́n kẹ̀yìn sí gbogbo wa. Orí àkàbà ni wọ́n ti já bọ́ níbi tí wọ́n ti ń rẹ́ ògiri ilé alájà méjì kan, egungun ìbàdí wọn sì ṣẹ́. Àwọn dókítà ti fi irin dè é, wọ́n ti rán ojú ibẹ̀, wọ́n sì ti tú òwú rẹ̀. Nígbà tí oṣù tuntun wọlé, nọ́ọ̀sì tó ń wá kọ́ Bàbá ní ìrìn nílé jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún mi.

"Àǹtí télọ̀, egungun ti jinná. Àwọn fúnra wọn ni ò fẹ́ dìde. Tí oṣù yìí bá fi parí tí wọn ò tíì máa rìn, iṣan yẹn á gan. Tó bá sì ti gan, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n máa wà."

"Ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn."

"Mo ti sọ ọ́. Wọ́n ní kí n lọ kọ́ ìyá mi ní ìrìn."

Bí Bàbá ṣe rí nìyẹn lásìkò náà. Ìbínú ni wọ́n fi ń jí, òun ni wọ́n fi ń jẹun, òun náà ni wọ́n ń fà bora sùn. Mo gbìyànjú láti kì wọ́n bí mo ṣe máa ń kì wọ́n nígbà tí ara wọn le: "Bàbá mi, ẹni tó na okùn tí ògiri tò tẹ̀lé e, ẹni tó pa amọ̀ lára tí amọ̀ di ibùsùn ọlọ́mọ, ọkùnrin tí ilé rẹ̀ kò bá òjò ṣọ̀rẹ́." Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ṣé o ti parí? Bu omi fún mi."

Kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń bínú sí. Àbúrò mi ni, àbíkẹ́yìn ilé wa, ẹni ọgbọ̀n ọdún. Òun ló yẹ kó di ẹsẹ̀ àkàbà mú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò wá. Bàbá dúró dè é títí, amọ̀ ń gbẹ nínú páànù, ni wọ́n bá dá gun àkàbà náà. Láti ìgbà yẹn, wọn ò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Tí mo bá ní, "Bàbá, àbúrò mi ní kí n kí yín," wọ́n á ní, "Àbúrò wo? Ìwọ nìkan ni mo bí."

Inú ń bí èmi náà, n kò ní purọ́. Mò ń bínú sí àbúrò mi tí kò wá. Mò ń bínú sí Bàbá tí wọ́n lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n sì tún ń dá gun àkàbà bí ọ̀bọ. Èmi ni mò ń sè, èmi ni mò ń fọ̀, èmi ni mò ń ránṣọ fún gbogbo àdúgbò, kò sì sí ẹni tó bi mí léèrè rí pé báwo ni ẹ̀yìn ṣe ń ṣe mí.

Ọjọ́ kejì tí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, àbúrò mi gbé kọ̀m̀pútà àlòkù kan wá. Iṣẹ́ àtúnṣe fóònù àti kọ̀m̀pútà ló ń ṣe, yàtọ̀ sí ọjọ́ tó bá ń ran Bàbá lọ́wọ́. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló dúró sí, kò wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi gbé e fún wọn."

"Kí wọ́n fi rẹ́ ògiri ni?"

"Géèmù wà nínú ẹ̀. Wọ́n máa gbé èèyàn jù sínú igbó lọ́wọ́ òfo. O máa wá oúnjẹ, o máa kọ́lé, o máa dáko. Tóo bá jókòó lásán, ebi á pa ẹ́ kú, gbogbo ohun tóo ṣe á sì pa rẹ́."

"Bàbá ò ṣe géèmù rí láyé wọn."

"Wọ́n ti kọ́lé rí. Wọ́n ti bá òjò jà rí. Kí ló kù? Ẹ ṣáà má sọ pé èmi ni mo gbé e wá."

Mo gbé kọ̀m̀pútà náà sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé yàrá Bàbá. Ìṣísẹ̀ méje ló wà láàárín tábìlì yẹn àti bẹ́ẹ̀dì, mo sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi í síbẹ̀ ni. Mo ní nọ́ọ̀sì ló fi ránṣẹ́. Irọ́ ni. Mo tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run kí n tó jáde nínú yàrá.

Wọn ò wo ibẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ọjọ́ kẹta, èmi fúnra mi jókòó sídìí ẹ̀, mo ń fi ìkúùkù lu igi nínú géèmù náà bí àbúrò mi ṣe kọ́ mi lórí fóònù.

"Kí ni igi yẹn ṣe fún ẹ?" ohùn Bàbá wá láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá, bí wọ́n ṣe ń gé e nìyẹn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Orí ẹni náà ti dàrú."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé. N kò mọ nǹkan kan nípa ilé kíkọ́, mo wá kọ́ igun kan, mo ti ń fi òrùlé lé e. Mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì ń dún.

"Dìde níbẹ̀! Dìde níbẹ̀ kí n tó gbé ẹ! Ògiri ẹ̀yìn dà? Kí ni òrùlé yẹn gbára lé? Ọmọ tèmi, ọmọ bíríkìlà!"

Wọ́n di irin ìrìn tí nọ́ọ̀sì fún wọn mú, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀, wọ́n ń bú mi. Àkókò tí mo lè fi ṣẹ́tí síkẹ́ẹ̀tì kan ni ìṣísẹ̀ méje náà gbà wọ́n. Wọ́n jókòó. Wọ́n wó ilé mi lulẹ̀ kí wọ́n tó mí dáadáa.

Ilé ò ṣòro fún Bàbá. Ebi ló ṣòro. Àmì oúnjẹ mẹ́wàá wà ní ìsàlẹ̀ ojú kọ̀m̀pútà, wọ́n sì ń dín kù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá pa àgùntàn kan, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ní kò tún ní ṣẹlẹ̀ mọ́. "Kí n máa lé ẹran kiri bí olè? Mo máa gbìn." Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ oko nìyẹn, ìbínú ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Àbúrò mi sọ fún mi lórí fóònù pé kí wọ́n lu koríko, hóró àlìkámà á jábọ́ nínú ẹ̀. Bàbá lu gbogbo koríko tó wà lórí òkè kan, wọ́n ń pòṣé. Wọ́n fi igi àti òkúta ṣe ọkọ́. Wọ́n ro ilẹ̀ lórí òkè náà nítorí pé ibẹ̀ tẹ́jú, ó sì dára lójú bíríkìlà. Wọ́n gbin hóró. Ká tó wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ilẹ̀ ti gbẹ, ó ti padà di ilẹ̀ lásán.

"Ilẹ̀ wo ló ń gbẹ kí hóró tó hù? Ẹni tó ṣe géèmù yìí ò tíì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rí!"

Mo pe fóònù. Àbúrò mi ní ilẹ̀ oko kò gbọdọ̀ jìnnà sí omi ju ìwọ̀n òkúta mẹ́rin tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò, wọ́n gbẹ́ ojú omi kan tó tọ́ bí ẹni na okùn, wọ́n ro poro mẹ́rin sí apá méjèèjì rẹ̀. Ilẹ̀ náà dú, ó rọ̀. Wọ́n gbìn. Nígbà tí ewé dé orúnkún, wọ́n lọ fà á tu. Hóró kan péré ló jáde. Kò sí ọkà.

Wọ́n ju máòsì mọ́ ògiri. Mo lọ mú un.

"Bàbá, ẹ ò dúró kó gbó. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ pọ́n bí èèpo búrẹ́dì kẹ́ ẹ tó fà á."

"Wọ́n, wọ́n, wọ́n! Ta ni àwọn 'wọ́n' yìí tí ò sọ̀rọ̀ títí mo fi ṣìṣe?"

Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àbúrò mi sọ fún mi lórí fóònù lẹ́yìn ìyẹn ló jẹ́ kí n rí i pé Ọlọ́run kò gbàgbé ilé wa. Ohun ọ̀gbìn inú géèmù náà kì í dàgbà tí kò bá sí ẹni tó dúró nítòsí rẹ̀. Tí Bàbá bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, oko náà dúró sójú kan. Tí wọ́n bá wà nídìí tábìlì, ó ń dàgbà. Wọ́n tún un gbìn. Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá ń rìn lọ sídìí tábìlì láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, wọ́n ń bú irin ìrìn náà pé ó ń fà wọ́n sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì wá, ó wò wọ́n, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Àǹtí, kí lẹ fún wọn?"

"Oko ni."

Bí nǹkan ṣe dùn tó yìí ni àbúrò mi wá ní òun náà fẹ́ wọ inú géèmù lọ bá Bàbá. Ó ní èèyàn méjì lè jọ wà nínú igbó kan náà tí wọ́n bá ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé kan. Ó ń gbé kọ̀m̀pútà tirẹ̀ wá lọ́sàn-án, ó ń jókòó sẹ́yìn kọ́tíìnì níbi tí àwọn oníbàárà mi ti ń wọ aṣọ wò. Ọ̀ọ̀dẹ̀ kúkurú kan ló wà láàárín ibẹ̀ àti yàrá Bàbá. Mo sọ fún Bàbá pé ojúlùmọ̀ nọ́ọ̀sì kan ni, pé Àlejò ni wọ́n ń pè é. Irọ́ kejì.

Ọjọ́ kìíní tí Àlejò yọ láti inú igbó, ó kan dúró gbagidi níwájú ilé Bàbá.

"Kò mọ̀ pé àgbà ló wà níbí?" Bàbá ní. "Kò ní kí mi?"

"Bàbá, géèmù ni."

"Ilé mi ni! Èmi ni mo kọ́ ọ! Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i pé kó kí mi."

Mo sáré lọ sẹ́yìn kọ́tíìnì. "Wọ́n ní o ò kí àwọn."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ kí wọn? Kò sí bọ́tìnnì ìdọ̀bálẹ̀ níbí. Èyí téèyàn fi ń lóṣòó wà, èyí téèyàn fi ń fò wà."

"Lóṣòó."

"Kí n kúnlẹ̀ bí obìnrin? Mo máa fò sókè kí n sì balẹ̀ gbì. Wọ́n á rí i pé mo wólẹ̀."

Ó fò, ó balẹ̀. Ní yàrá kejì, mo gbọ́ tí Bàbá ní, "Ẹn-ẹ́n. Ìyẹn dáa." Ojoojúmọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, iwájú ilé ló sì ti ń ṣe é. Àlejò gbé ẹran wá fún wọn, Bàbá kọ̀ ọ́. Wọ́n ní àwọn kò ní jẹ nínú oúnjẹ ẹnikẹ́ni títí àwọn á fi jẹ búrẹ́dì tí àwọn fọwọ́ ara àwọn gbìn. Àmì oúnjẹ wọn sì ti ku mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù, àlìkámà náà gòkè, orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ padà. Bàbá ní ó ku ọ̀la. Wọ́n fi ìka kan ojú kọ̀m̀pútà, wọ́n ń ka poro náà fún mi. Mo rí ẹ̀rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu wọn, ìgbà àkọ́kọ́ láàárín oṣù mẹ́ta.

Mo ṣe àṣìṣe nígbà náà. Inú mi dùn, mo lọ sọ fún àbúrò mi lẹ́yìn kọ́tíìnì pé, "Oko wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó. Lọ kí wọn kú iṣẹ́. Kí wọn dáadáa."

Ó lọ. Àárín oko gan-an ni Bàbá wà, ibẹ̀ ló sì lọ bá wọn. Ó fò lẹ́ẹ̀kan. Ó tún fò. Ó ń kí wọn ní poro kìíní, ó ń kí wọn ní poro kejì, ó ń fò, ó ń balẹ̀ gbì gbì gbì, ó ń fi gbogbo ara yin iṣẹ́ Bàbá. Níbikíbi tó bá balẹ̀ sí, ilẹ̀ dídú yẹn ń fọ́, àlìkámà ń já kúrò, kò sì sí ohun tó ń jáde nínú ẹ̀ ju hóró lọ. Kí n tó sáré dé yàrá, poro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ilẹ̀ gbígbẹ tán. Èyí tó kù kò tó búrẹ́dì kan.

Bàbá ò pariwo. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

"Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà," wọ́n ní, "ó fi ìkíni pa oko mi."

"Bàbá, kò mọ̀ ni."

"Gbé e kúrò. Gbogbo ẹ̀. N kò fẹ́ rí i mọ́."

Wọ́n padà sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kọjú sí ògiri. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí nọ́ọ̀sì wá wo ẹsẹ̀ náà fún ìgbà ìkẹyìn.

Mo já kọ́tíìnì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan débi pé òrùka rẹ̀ méjì já.

"Ṣé ọ̀pọ̀lọ́ ni ẹ́? Ṣé mo ní kóo fò bí ọ̀pọ̀lọ́ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n kí wọn dáadáa!"

"Lórí oko?"

"Ta ló sọ fún mi pé fífò ń ba oko jẹ́? N kò dáko rí nínú ẹ̀, ẹran ni mò ń pa jẹ! Tí mi ò bá kí wọn, ìjà ni. Mo kí wọn, ìjà ni. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe nínú ilé yìí gan-an?"

"Mo fẹ́ kóo wá nígbà tí wọ́n bá ń retí ẹ! Níbo lo wà lọ́jọ́ yẹn?"

N kò bi í rí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń bá a wá àwáwí lọ́kàn mi. Mo ní bóyá ara rẹ̀ ni ò yá. Mo ní bóyá ọkọ̀ ló dá a dúró. Ó tẹjú mọ́ àwọn ègé aṣọ tó wà nílẹ̀.

"Mo sùn."

"O ṣe kí ni?"

"Aláàmù dún, mo pa á. Mo ní kí n fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un. Ìgbà tí mo jí, òrùn ti mú."

Téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ ló wà lọ́wọ́ mi, mo jù ú lù ú. Kò yẹ̀ ẹ́. Tó bá yẹ̀ ẹ́ ni, bóyá ìbínú mi ì bá rọ̀ díẹ̀.

"Lọ sọ fún wọn bẹ́ẹ̀."

"Wọn ò fẹ́ rí ojú mi, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ mọ̀."

"Nígbà náà, lọ tún oko wọn ṣe. Má sì fò."

Mi ò gbé kọ̀m̀pútà náà kúrò lórí tábìlì. Mo fi í sílẹ̀ ní títàn, mo sì yí ojú rẹ̀ sí fèrèsé. Odindi ọjọ́ méjì ni àbúrò mi fi wà lẹ́yìn kọ́tíìnì. Ó ti ìsọ̀ tirẹ̀ pa. Ó tún ilẹ̀ ro, ó gbin gbogbo hóró tó já, ó dúró tì í kó lè máa dàgbà, ó sì mọ ògiri òkúta yí oko náà ká kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má bàa wọ ibẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kẹta, mo wọlé tọ Bàbá lọ. Ó ku ọ̀la kí nọ́ọ̀sì dé.

"Bàbá, ẹnì kan ti mọ ògiri sórí ilẹ̀ yín."

Ògiri iyàrá ni wọ́n dá lóhùn. "Ilẹ̀ wo?"

"Ilẹ̀ etí odò. Àlejò ni. Ó ti mọ ọ́n yíká."

Wọ́n yí orí padà díẹ̀díẹ̀. "Ta ló fún un láṣẹ? Ó ba oko mi jẹ́ tán, ó tún wá ń kọ́lé síbẹ̀?" Wọ́n na ọwọ́ sí irin ìrìn. "Yí nǹkan yẹn sí mi. Jẹ́ kí n rí ìwà ìbàjẹ́."

Wọ́n dé ìdí tábìlì, wọ́n jókòó gbì, wọ́n fi máòsì rìn yí ògiri náà ká. Mo dúró lẹ́yìn wọn. Mo retí èébú. Èébú ò wá.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé nǹkan kan nípa iṣẹ́ Bàbá. Gbogbo ògiri tí wọ́n bá mọ yí ilẹ̀ ká, wọ́n máa ń fi ihò kékeré kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ ní apá ibi tó dagẹ̀rẹ̀, kí omi òjò lè rí ọ̀nà lọ. Orí ihò náà ni wọ́n máa ń fi òkúta pupa kan ṣoṣo sí, kí bíríkìlà tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la lè mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀, kó má bàa dí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí pé òkúta pupa wọn ń ba ògiri jẹ́. N kò tíì rí ẹlòmíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Inú géèmù yìí, òjò kì í wó ògiri. Kò sí ẹni tó nílò ihò níbẹ̀.

Ihò náà wà nísàlẹ̀, ní apá tó dagẹ̀rẹ̀ sí odò. Òkúta pupa kan ṣoṣo sì wà lórí rẹ̀.

"Ta ló kọ́ Àlejò yìí níṣẹ́?" Bàbá béèrè. Ohùn wọn lọ sílẹ̀.

Mo tẹjú mọ́ òkúta pupa náà.

"Mo ní ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Ọwọ́ wọn kúrò lórí máòsì. "Níbo ló wà?"

Ojú mi ṣèèṣì lọ sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n rí i. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ti tábìlì, wọ́n dìde. Irin ìrìn wà lọ́tùn-ún wọn, wọn ò wò ó. Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà jáde, wọ́n ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, wọ́n ń fi èjìká gbá ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n ń pariwo orúkọ àbúrò mi, orúkọ tí wọn ò pè láti oṣù mẹ́ta. Gbogbo oṣù yẹn ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá mi mú ìbínú kúrò lára Bàbá. Ó mọ̀ jù mí lọ. Mo ń sáré tẹ̀lé wọn, mo na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn wọn, n kò gbójúgbóyà láti fọwọ́ kàn wọ́n.

Tíṣà kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù tó ń dúró kí n wá bá òun so ọwọ́ aṣọ, pínnì kún apá rẹ̀. Bàbá kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i. Wọ́n fa kọ́tíìnì. Àbúrò mi fò dìde, kọ̀m̀pútà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí itan rẹ̀.

"Ìwọ!" Bàbá ní. "Amọ̀ ń gbẹ nínú páànù! Mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí! Níbo lo wà?"

"Mo sùn, Bàbá."

"Tún un sọ."

"Mo sùn. N kò ṣàìsàn, ọkọ̀ ò bàjẹ́. Mo kàn sùn ni."

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pè ẹ́! Ẹ̀ẹ̀mẹfà! Fóònù ń dún, o ò gbé e. Mo ní ọkọ̀ ti pa á. Mo ní ọmọ mi ti wà nínú kòtò kan láàárọ̀ yìí. Amọ̀ ti wà lára ògiri, n kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo gun òkè kí n lè tètè parí ẹ̀ kí n wá ẹ lọ! O sì ń hanrun! O ń hanrun, mo já bọ́!"

Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń fọ aṣọ Bàbá, wọn ò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi rí. Èmi tí mo rò pé agídí lásán ló gbé wọn gun òkè. Omi dà lójú àbúrò mi wálẹ̀ sí àyà.

"Má sunkún fún mi níbí. Oko tó o bàjẹ́ ń kọ́? Ebi ń pa mí nínú géèmù yẹn! Ó ku àmì kan!"

"Ó ti gbó, Bàbá. Mo dúró tì í. Àwọn poro ẹ̀yìn ti pọ́n láàárọ̀ yìí."

"Ta ni yóò fà á?"

"Ẹ̀yin ni. N kò fọwọ́ kàn án."

Bàbá mí sókè, mí sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé orúnkún wọn ti ń gbọ̀n. Wọn ò di nǹkan kan mú. Kò sí tábìlì nítòsí wọn, kò sí ògiri. Àbúrò mi náà rí i, ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó dúró.

"Kí lò ń wò?" Bàbá jágbe mọ́ ọn. "Wá di apá mi mú!"

Ó sáré wá sí apá òsì.

"Ọ̀tún! Ìbàdí ọ̀tún ló ṣẹ́! Ṣé o ò tiẹ̀ mọ èyí tó ṣẹ́ ni?"

Wọ́n yí padà sínú ọ̀ọ̀dẹ̀, ìṣísẹ̀ kan, ìṣísẹ̀ kan, Bàbá ń bú u ní gbogbo ìṣísẹ̀, òun náà ń dáhùn "Ẹ máa bínú, Bàbá" ní gbogbo ìṣísẹ̀.

Tíṣà na ọrùn wo ẹ̀yìn wọn. "Àǹtí télọ̀, ṣé bàbá yín tí wọ́n ní kò lè rìn nìyẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ yín sókè fún mi."

Mo fi pínnì gún ara mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo bínú sí àwọn méjèèjì débi pé n kò ríran dáadáa, omi ojú ni. Mo ń gbọ́ wọn láti yàrá.

"Ta ló ní kóo gbìn ín súnmọ́ra báyìí? Ojú omi yìí sì ti wọ́. Wò ó, ó wọ́!"

"Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe." Mo gbọ́ tí àga dún.

"Kúrò níbẹ̀! Àga mi nìyẹn. Lọ gbé àpótí wá tó o bá fẹ́ jókòó."